Ẹ gbà mí o, dírẹ́sìn olóyin mi ò pò pọ̀

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin èèyàn mi. Dókítà ní kí bàbá àwọn ìbejì dín ṣúgà àti ọ̀rá kù, ni mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, mi ò ra sàláàdì kirímù mọ́, màá máa po dírẹ́sìn fúnra mi. Òróró ólífì, finígà àti oyin, ṣebí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo da gbogbo ẹ̀ sínú abọ́ mo rò ó títí apá fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kí n tó bu sàláàdì báyìí oyin ti lọ sùn sísàlẹ̀, òróró ti léfòó bí ọbẹ̀ àná. Àwọn ọmọ tọ́ ọ wò, wọ́n ní "mọ́mì, òróró lásán ni." Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Bọ̀dá Houston:
Ìyá Ìbejì ẹ kú iṣẹ́. Oyin ò ṣẹ̀ yín o, òróró lẹ tètè dà sí i. Oyin kì í yọ́ nínú òróró láéláé, nínú nǹkan olómi ló ti ń yọ́, finígà sì nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ po oyin àti iyọ̀ mọ́ finígà títí ẹ ò fi ní rí oyin mọ́, ìgbà yẹn lẹ máa tó da òróró sí i. Ẹ ò sì dárúkọ mọ́sítádì. Mọ́sítádì yẹn gan-an ni alárinà, òun ló ń di òróró àti finígà mú kí wọ́n má tètè kọ ara wọn sílẹ̀. Tèmi rèé: òróró ólífì ṣíbí ńlá 6, finígà ápù ṣíbí ńlá 2, oyin ṣíbí kékeré 2, mọ́sítádì Dijon ṣíbí kékeré 1, iyọ̀ tí ìka méjì lè mú, bláàkì pẹ́pà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kan díẹ̀ sí i ẹ fi finígà kún un. Mi ò kí ń rò ó nínú abọ́ rárá, ìgò jáàmù tó ti tán ni mò ń lò, màá dé e, màá wá gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣáà dé ìdérí ẹ̀ pinpin o, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é mi ò dé e dáadáa, gbogbo ògiri kíṣìnì ló jẹ sàláàdì lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
😂😂 Ẹ ṣé sà. Oyin tèmi náà tún ti dì gbagidi bí òrí, ẹnì kan ní ayédèrú ni, pé wọ́n ti lú u ní ṣúgà.

Àǹtí Peckham:
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Oyin gidi náà ń dì jàre, ṣúgà inú ẹ̀ ló ń di hóró, òtútù ìlú yìí sì ń jẹ́ kó tètè dì. Ẹ gbé ìgò ẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ́ ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀, á padà yọ́. Ẹ má gbé e ka iná o. Gbogbo eré kí wọ́n máa ki ìṣáná bọ oyin kí wọ́n fi mọ ojúlówó tá à ń ṣe nílé yẹn, kò fi nǹkan kan hàn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni adùn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé oyin Òkè-Ògùn wá fún mi, ó dúdú, ó ń rùn èéfín díẹ̀, tí mo bá fi ìwọ̀n tí Bọ̀dá Houston kọ yìí pò ó, oyin nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu. Ìlàjì ni mò ń fi sí i, mo wá ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i dípò finígà, ó dùn ju ti finígà lọ lójú tèmi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester:
Ìyá Ìbejì ẹ má bínú ma, ẹ̀yin lẹ dárúkọ dókítà. Oyin náà ṣúgà ni o. Ṣíbí ńlá kan péré, ṣúgà inú ẹ̀ á tó giráàmù 17. Ìwọ̀n tí Bọ̀dá kọ yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in fún èèyàn mẹ́fà kò le, àmọ́ kí bàbá má rò pé torí pé oyin ni kí àwọn máa wà á bí ọbẹ̀. Ọ̀rá náà ńkọ́, ẹ lè yọ ìdajì òróró yẹn kẹ́ ẹ fi yógọ́ọ̀tì tí ò ní ṣúgà rọ́pò ẹ̀. Tí ọmọ ọwọ́ bá sì wà nílé, ẹni tí ò tíì pé ọdún kan, ẹ má jẹ́ kó fẹnu kan oyin rárá, ì báà jẹ́ bíńtín, ì báà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fi se oúnjẹ. Kòkòrò kan tójú ò lè rí lè wà nínú oyin, ikùn àgbà á ká a, ti ọmọ ọwọ́ ò tíì lágbára ẹ̀, tó bá ràn níkùn ọmọ, oró ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara ọmọ rọ jọwọlọ.

Ìyàwó Tuntun, Dublin:
Àǹtí, ìsọmọlórúkọ ńkọ́ báyìí? Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ sọ ọmọ wa lórúkọ, ìyá ọkọ mi ti gbé oyin dé láti Ìbàdàn 😩

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester:
Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á wò ó. Ìyá ọmọ ni kẹ́ ẹ fi kàn lẹ́nu, kẹ́ ẹ gbé e yípo kí gbogbo ilé tọ́ ọ wò, ìwúre náà kọ́ ló máa yàtọ̀. Nígbà tiwa, ìyá mi ní ṣé ẹ̀yin tá a fi oyin sí lẹ́nu, ṣé ẹ kú ni? Mo ní rárá ma, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀, ló bá ki ìka bọ oyin, ó fi sí ọkọ mi lẹ́nu, ó ní ayé ẹ̀ á dùn títí, gbogbo ilé ní àṣẹ.

Alásè Birmingham:
Ẹ jẹ́ n bọ́ sí i. Dírẹ́sìn olómi yẹn dáa fún ewé létúùsì, kùkúńbà àti tòmátì. Sàláàdì tiwa tó ní kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, ẹyin sísè àti ẹ̀wà inú agolo, nǹkan tó ki ló bá a lọ. Mayonéèsì ṣíbí ńlá 4, yógọ́ọ̀tì 2, oyin ṣíbí kékeré 1, mọ́sítádì díẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó parí. Tó bá sì jẹ́ ti òde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da á lé e kó tó di pé wọ́n fẹ́ bù ú. Mo dà á lé e laago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́jọ́ kan, ìwé ìpè ní aago méjì, ẹ̀yin náà mọ aago tiwa, ó di bíi aago márùn-ún káwọn èèyàn tó jókòó. Iyọ̀ ti fa gbogbo omi ara kábéèjì jáde, ìsàlẹ̀ kúlà dà bí odò. Màmá àgbà kan bi mí pé ọmọ mi, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rè é àbí kí ni.

Bọ̀dá Houston:
😂 Sàláàdì kirímù gan-an ló sọ mí di alásè níbí o. Ìlú Ọba ni Heinz ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1914, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ẹ̀ ń rí i rà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà ni ká máa wá a káàkiri.

Àǹtí Peckham:
Ẹni tó bá fi ááyù tútù sí i, kó gbé e sí fíríìjì lójú ẹsẹ̀, kó má jù ọjọ́ mẹ́ta lọ, ááyù inú òróró kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá rí i pé òróró ólífì ti dì nínú fíríìjì ẹ má dà á nù, ẹ gbé e síta díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ó pò o!! Mo kọ́kọ́ po oyin mọ́ finígà bẹ́ ẹ ṣe sọ, ó dán, ó ki díẹ̀, bàbá wọn fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ abọ́. Bọ̀dá Houston, mo dé ìdérí ẹ̀ pinpin o, àmọ́ Kẹ́hìndé gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun náà fẹ́ lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ṣí i wò. Ẹ má bi mí bí ilẹ̀ kíṣìnì ṣe rí.