Ìdáhùn: «Ọ̀wọ́n» ń sọ iye owó ni, àbí ó ń sọ pé a ò rí i rà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Mo ti ka gbogbo lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ìwé òfin eré tí àbúrò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń túmọ̀ sí Yorùbá, ẹnu sì ti ń yún mi láti ìjẹta. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: eré orí tábìlì ni, irú èyí tí Dungeons & Dragons dá sílẹ̀ lọ́dún 1974. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún a jókòó yí tábìlì ká, ọ̀kan a jẹ́ adarí eré, àwọn yòókù a máa fi ẹnu ṣe jagunjagun, ọdẹ tàbí adáhunṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti pa ẹranko burúkú tán tí wọ́n kó ìṣúra rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń béèrè kò ju méjì lọ: níbo la ti lè ra ohun abàmì (idà, òrùka tàbí oògùn tó ní agbára àràmàndà), èló sì ni? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé òfin eré náà ti ọdún 2014 pín àwọn ohun abàmì wọ̀nyí sí ipò márùn-ún. Àbúrò pè wọ́n ní «ó wọ́pọ̀», «kò wọ́pọ̀», «ó ṣọ̀wọ́n», «ó ṣọ̀wọ́n gan-an» àti «ti ìtàn». Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣágámù, tí kì í fi epo bo ọ̀rọ̀, ní gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Wọ́n ní kí a mú «ọ̀wọ́n» nìkan, kí a fi nọ́ńbà sí i lára, ọ̀wọ́n kìíní títí dé ọ̀wọ́n karùn-ún, pé ṣebí ohun tó bá ṣọ̀wọ́n náà ló ń wọ́n, kí la tún ń wá kiri?

Kí n tètè yanjú orúkọ ohun náà gan-an, kó má dá wa dúró. Àwọn kan ní «oògùn». Oògùn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n idà tí iná ń jó lára rẹ̀ ń kọ́? Àwọn mìíràn ní «ohun idán». Idán ni ti onídán: a pa á, a wò ó, a sọ owó, a lọ ilé. «Ohun abàmì» tí àbúrò lò ti tó fún mi. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí a máa fi iṣẹ́ tó ń ṣe pè é. Òrùka tó ń sọ ènìyàn di ohun tí ojú ò rí, kí ló dé tí a ò ní pè é ní òrùka àfẹ́ẹ̀rí? Ẹ̀wù tí idà ò ràn, òkígbẹ́ ni.

Ó di ọ̀rọ̀ «ọ̀wọ́n». Mo gba ti ẹ̀gbọ́n dé àyè kan. Nínú èdè wa, iye owó àti bí nǹkan ṣe pọ̀ tó jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ohun tó wọ́n, ó gbówó lórí. Ohun tó wọ́n, ojú ń pọ́n ni kí a tó rí i. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ náà: ohun tó bá pọ̀ nílùú ló wọ́pọ̀, ẹni tó sì ra nǹkan ní owó pọ́ọ́kú, a ní ó rà á lọ́pọ̀. Àwọn tó dá èdè yìí sílẹ̀, ojú ọjà ni wọ́n wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń ka èyí á ti máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2023. Ní oṣù Kejì, owó náírà gan-an ló di ọ̀wọ́n. Rédíò ń pariwo «ọ̀wọ́ngógó owó náírà», èrò tò sẹ́nu ẹ̀rọ ATM láti ìdájí, oní-POS ń fi owó ta owó. Nígbà tó di ìparí oṣù Karùn-ún, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí kò tó igba náírà fò kọjá irinwó. Epo wà ní ilé epo nígbà náà o, àpò wa ni kò gbé e. A ní epo wọ́n. Bẹ́ẹ̀, láwọn ọdún tí iye ara ẹ̀rọ kò yí padà, tí ilé epo ti géètì pa, tí jẹ́ríkánì tò bí èrò ọjọ́ ìbò, kí la sọ nígbà yẹn? Epo wọ́n. Gbólóhùn kan náà fún ìyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń ṣòwò obì ní Ṣágámù mọ̀ ọ́n dáadáa: «obì wọ́n» lè jẹ́ pé àwọn tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya ti rà á ga, ó sì lè jẹ́ pé igi ò so. Èyí àkọ́kọ́, inú àgbẹ̀ á dùn. Èyí kejì, ẹ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nínú eré, òfin méjì ni ohun méjì yìí, ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì ṣe tirẹ̀. Ìwé adarí eré tí Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, kọ lọ́dún 1979 fi iye ẹyọ wúrà tí eléré lè ta ohun abàmì kọ̀ọ̀kan sí i lára. Nígbà tí ẹ̀dà kejì dé lọ́dún 1989, wọ́n yọ iye náà kúrò, wọ́n ní kì í ṣe ọjà. Ẹ̀dà kẹta ti ọdún 2000 ló wá sọ gbogbo rẹ̀ di ọjà pátápátá, tó tilẹ̀ fi ìṣirò sí i. Oògùn mímu: ẹ mú ipele ọfọ̀ inú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ipele ẹni tó pe ọfọ̀ náà, ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 50. Ọfọ̀ fífò wà ní ipele 3, adáhunṣe ipele 5 ló kéré jù tó lè pè é, nítorí náà 750 ẹyọ wúrà ni oògùn mímu tí ń mú ni fò. Ìgbálẹ̀ tí ń gbé ènìyàn fò, 17,000 nínú àtúnṣe ẹ̀dà náà ti ọdún 2003.

Iye owó nìyẹn. Lọ́tọ̀ gedegbe, ìwé kan náà ní ìlú kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára ọjà rẹ̀ mọ. Abà tí èrò ibẹ̀ kò ju 80 lọ, 40 ẹyọ wúrà. Abúlé, 200. Ìlú kékeré, 800. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 15,000, dé 40,000, ìlú tí èrò rẹ̀ bá sì ju 25,000 lọ wà ní 100,000. Ohun tí iye rẹ̀ bá kọjá ibi tí ọjà ìlú mọ, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ná an. (Lójú ìwé yìí, Ìjẹ̀bú-Òde wà ní ipò tó ga jù lọ, Ṣágámù náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire.) Pathfinder, eré mìíràn irú rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2009, fi dáìsì kún un: ohun tí kò bá kọjá agbára ìlú, ìgbà 75 nínú 100 ni wàá bá a. Bí o ò bá bá a, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí o tó tún lọ wò.

Ẹ wá wo ìwé 2014. Kò fi iye kan pàtó sí ara ohun kọ̀ọ̀kan mọ́. Ipò ni ó fi sí i, inú ipò ni a ti ń fa owó yọ: ipò kejì, láti 101 dé 500, ipò kẹrin, láti 5,001 dé 50,000. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wí gẹ́lẹ́ nìyẹn, ọ̀wọ́n tó jẹ́ àìwọ́pọ̀ ló bí ọ̀wọ́n tó jẹ́ owó. Ó dára bẹ́ẹ̀? Ipò kejì ni wọ́n fi ìgbálẹ̀ afò sí. Oògùn mímu tí ń mú ni fò, ipò kẹrin. Ẹni tó ra ìgbálẹ̀ á máa gun un kiri títí yóò fi sú u. Ẹni tó mu oògùn á fò fún wákàtí kan, ó parí, igbá òfìfo ló kù lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ìwé náà tilẹ̀ ní ìdajì iye ipò rẹ̀ ni ohun àlòtán bí oògùn sábà máa ń jẹ́, iye oògùn yẹn ṣì tó ìlọ́po márùn-ún ti ìgbálẹ̀, ó kéré tán. Ìṣirò ọdún 2000 kò jẹ́ ṣe irú èyí, torí pé agbára àti ìlò ohun náà ló fi ń díye.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tábìlì àbúrò, tó fi ránṣẹ́ sí wa, inú ihò yìí ló ti jáde. Eléré kan kó 450 ẹyọ wúrà dé abúlé kan, ó ní ìgbálẹ̀ lòun fẹ́. Adarí ní kò sí níbí. Ọmọ náà ṣí ìwé ìtumọ̀, ó fi ìka lé iye ipò kejì: «Ẹ wò ó, ìwé ní kò wọ́n!» Adarí ní òun náà mọ̀ pé kò wọ́n, kò sí níbí ni òun wí. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ẹran tí wọ́n fẹ́ jẹ fi tutù. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, a nílò ọ̀rọ̀ kejì. Ẹnìkan dábàá «ìríra», láti ara «rí rà». Olúwa má jẹ̀ẹ́. Ta ni yóò ka «ìríra ìgbálẹ̀ yìí pọ̀» tí kò ní tu itọ́ sílẹ̀? «Wíwàlọ́jà» tí ẹlòmíràn mú wá sàn jù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun wọ̀nyí kì í dé orí àtẹ. Ìwé ọdún 2017 kan nínú eré kan náà ní ẹni tó bá fẹ́ ra ohun abàmì ní láti ná ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan, ó kéré tán, àti 100 ẹyọ wúrà, kó tó rí ẹni tó ní in lọ́wọ́. Owó ìrìn nìyẹn, kò tíì ra nǹkan kan. Ohun tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ni kí a mú: «Owó kọ́, àtirí i rà ló ṣòro.» Àtirírà. Kò sẹ́ni tí ẹ máa sọ ọ́ fún tí kò ní mọ̀ ọ́n, kò sì fara jọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ ń wá lókè tó wà nílẹ̀: iye tí adáhunṣe máa ná bó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun abàmì. Ẹ dábàá «owó ohun àmúṣe», «owó ìpèsè». Ẹ̀yin ará, ẹ bi lékulẹ́jà. Owó èlò ni. Ẹ̀dà kẹta ní ìdajì iye ọjà ni owó èlò, tí a bá fẹ́ ṣe ìgbálẹ̀ náà, 8,500. Èyí tó wù mí jù ni pé adáhunṣe tún máa fi nínú ìrírí ara rẹ̀ (àmì tí eléré ń kó jọ bó ti ń ṣẹ́gun) san, ìpín kan nínú 25 iye ọjà. Fún ìgbálẹ̀, 680 nínú ìrírí tó ti fi ẹ̀jẹ̀ kó jọ. Bóyá ẹni tó kọ òfin yẹn mọ adáhunṣe kan, n kò lè sọ, ṣùgbọ́n baba mi àgbà kò ní já a níyàn. Ní ti ìdajì owó tí òfin ní kí eléré gbà bó bá ń ta ohun abàmì rẹ̀, «àtúntà» ti tó. Ìyálọ́jà kankan ò ní gbà láti tà á bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò kan ìtumọ̀.

Ó ku orúkọ ipò márùn-ún. Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n pé orúkọ ni kó jẹ́, n kò fara mọ́ nọ́ńbà. Mo dábàá: ọ̀pọ̀, ìwọ̀nba, ọ̀wọ́n, ọ̀wọ́ngógó, àgbọ́márí. Ìwọ̀nba ń sọ pé ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ayé. Àgbọ́márí, ẹ̀yìn «àwámárìídìí» ni mo ti gbé e: ohun tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ojú wa ò tó rí. «Ti ìtàn» kò tó. Ìtàn kì í ṣe àlọ́ nìkan, ìtàn ogun Imàgbọ́n ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, náà ìtàn ni, kò sì sí ohun abàmì nínú ìbọn tí wọ́n fi gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa.

Ohun tó jẹ́ kí inú mi dùn sí ìwé ọdún 2024 ni pé ó fi iye kan ṣoṣo sí ipò kọ̀ọ̀kan: 100, 400, 4,000, 40,000, 200,000. Ẹ kà á lédè wa. Ọgọ́rùn-ún, irinwó, ẹgbàajì, ọ̀kẹ́ méjì, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Kò sí èyí tó yọ gọngọ! Ọ̀kẹ́ ni àpò tó gba ẹgbàawàá owó ẹyọ, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ru owó nìyẹn, ẹni tó sì ní òun fi ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ra idà, ọmọdé á mọ̀ pé àwọn alárù wà lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò, má kọ «ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì» sínú ìwé yẹn. «Ẹyọ wúrà» tí o pe owó eré náà ti fi ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́ múlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lára àtẹ, bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí: Ìgbálẹ̀ afò. Ipò, ìwọ̀nba. Iye, irinwó ẹyọ wúrà. Àtirírà, ìlú ńlá nìkan. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, adarí eré ni yóò kọ ọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kó owó dé abúlé.

Ẹyọ kan ṣì wà tó ń bí mi nínú. Àwọn ohun tí òrìṣà fọwọ́ ara wọn ṣe, tí òfin ní kò sí iye tó tó wọn, àbúrò kọ «àìníye» sí àyè owó wọn. Àìníye ni a ń pe ìràwọ̀ àti iyanrìn, ohun tó pọ̀ débi tí a ò lè kà á. Ẹ kọ «a kì í tà á» síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
láti Ìpẹru