Ìrora iwájú èjìká tó ń wá láti ẹ̀yìn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máṣáàjì. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Ìyá aránṣọ kan wá bá mi: iwájú èjìká ọ̀tún ń dùn wọ́n, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí apá. Wọn ò lè ká ọwọ́ sẹ́yìn de kọ́mú mọ́.

Mo tẹ iwájú èjìká náà, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn wọ́n. Àmọ́ bí mo ṣe tẹ infraspinatus, iṣan tó tẹ́ lórí eegun pẹlẹbẹ èjìká lẹ́yìn, mo bá kókó líle kan, wọ́n sì pariwo pé iwájú gan-an làwọn ti ń gbọ́ ọ. Dókítà Janet Travell, tó tọ́jú Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé irú ìrora tó ń rìn báyìí. Ìrora ti trapezius òkè, iṣan tó ti ọrùn wá sí èjìká, náà máa ń gba ọrùn lọ sí ẹ̀bátí.

Ṣé kí wọ́n dojú bolẹ̀ ni, àbí kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀? Báwo ló ṣe yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó? Ẹnì kan ní kí n fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn, ó ti le jù.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé bí mo bá fi ọwọ́ ara mi gbé apá wọn, kì í gòkè tán. Wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Ṣé kì í ṣe oríkèé èjìká fúnra rẹ̀ ló ti gan? Ṣé kí n ṣì máa wọ́ ọ, àbí kí n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí dókítà?