Ṣé akọni náà ni gbogbo wọn?

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe gbogbo jagunjagun inú ewì àtijọ́, Achilles, Hector, Gilgamesh, ní "akọni" kí ìtumọ̀ lè rọrùn, ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ ọn. Akọni dáa fún oríkì, àmọ́ kò sọ ohun tó lé èèyàn dé ojú ogun, ibẹ̀ gan-an sì ni Iliad, ewì Homer lórí ogun táwọn Gíríìkì gbé lọ bá ìlú Troy, ti dùn.

Ẹ wo Achilles, jagunjagun Gíríìkì. Ìyá ẹ̀ ti sọ fún un pé tó bá dúró jà ní Troy ó máa kú síbẹ̀ àmọ́ orúkọ ẹ̀ ò ní parẹ́, tó bá padà sílé ẹ̀mí ẹ̀ á gùn ṣùgbọ́n òkìkí ẹ̀ tán nìyẹn. Síbẹ̀ nígbà tí Agamemnon, olórí ogun Gíríìkì, gba Briseis, obìnrin tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ nínú ìkógun, lọ́wọ́ ẹ̀, ó jókòó pa sí àgọ́, àwọn Gíríìkì ń kú lọ, wọ́n fi ẹ̀bùn rẹpẹtẹ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ìgbà tí Hector pa Patroclus ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló tó dìde, kì í ṣe torí Gíríìkì o. Ṣé ó láyà? Ó láyà dáadáa. Àmọ́ "ajàgbẹ̀san" lèmi á pè é ("olùgbẹ̀san" náà wà ńlẹ̀, ó kàn jọ ọ̀rọ̀ ìwàásù jù).

Hector, ọmọ ọba Troy, wá ni tèmi. Ní ìwé 6, Andromache ìyàwó ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ibodè kó má jáde mọ́, Hector ní ojú á ti òun lójú tọkùnrin tobìnrin Troy tóun bá fà sẹ́yìn bí ojo. Ikú yá j'ẹ̀sín gbáà nìyẹn! Ó nawọ́ sí ọmọ ẹ̀, ọmọ figbe ta torí irun ẹṣin tó ń mì lórí akoto bàbá ẹ̀, tọkọtaya bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ akoto sílẹ̀, ó gbé ọmọ jó lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló rí Achilles tó ń bọ̀ ní ìwé 22, àyà ẹ̀ já, ó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, wọ́n sì yí odi ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta. Ojo kẹ̀? Athena, abo òrìṣà Gíríìkì, ló para dà bí Deiphobus àbúrò ẹ̀ tó tàn án tó fi dúró, ìgbà tó wẹ̀yìn tí ò rí Deiphobus mọ́ ó mọ̀ pé ó ti parí, ló bá fa idà yọ ó kọjú sí i. Ẹni tẹ́rù ò bà rí, ògbójú ni, ọ̀rọ̀ tá a sì ń fi bú ọmọ aláfojúdi náà nìyẹn. Ẹni tẹ́rù bà tó tún dúró, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi "akin" sílẹ̀ fún.

Gilgamesh, ọba inú ewì Mesopotamia, tó wọ igbó kédárì lọ bá Humbaba ẹbọra tó ń ṣọ́ igbó náà jà kórúkọ ẹ̀ lè dúró, àti Beowulf, jagunjagun inú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ewì ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó wá ìyìn tó o, "ajàgborúkọ" làwọn yẹn. (Gilgamesh ṣì yàtọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn tí Enkidu ọ̀rẹ́ ẹ̀ kú, ìbẹ̀rù ikú ló ń lé e kiri.)

Sarpedon, ọba Lycia tó wá ran Troy lọ́wọ́ nínú Iliad, ló ṣẹ́ kù. Ó sọ fún Glaucus ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé ṣebí àwa ni wọ́n ń fún ní ẹran tó dáa àti wáìnì tó kún ife ní Lycia, iwájú ogun náà ló yẹ ká wà, pé tó bá jẹ́ a ò ní kú láé ni, òun ò ní jà níwájú ogun. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀san, kì í ṣe ìbínú, orúkọ nìkan náà kọ́. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ fún un, "ajàsangbèsè" tó wá sí mi lẹ́nu ò dùn létí.