Tíì tí màámi ń sè láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé òjé (lead, irin olóró) ò ní wọ̀ wọ́n lára?

ỌmọÒròkí
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ màámi ló gbé mi wá, Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ni wọ́n ń gbé. Látìgbà tẹ́nìkan ti sọ fún wọn pé green tea dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò mu nǹkan míì mọ́ (tíì ewé gan-an ni mò ń wí o, kì í ṣe Mílò tí gbogbo wa ń pè ní tíì). Tó bá ti di aago mẹ́fà àárọ̀ wọ́n á ju àpò tíì mẹ́rin síkòkò, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á gbé e kaná, ibẹ̀ ló máa wà dìrọ̀lẹ́, tó bá tutù wọ́n á tún tanná sí i. Lánàá mo ṣíderí ẹ̀, ó ti dú bí aró, inú ìkòkò tó ti dúdú tipẹ́ wá ń dán yinrin níbi tí tíì yẹn mu ún dé. Àwọn tó ń yọ́ àlòkù irin ló ṣe ìkòkò náà. Mo wá gbọ́ pé òjé máa ń wà nínú tíì, àyà mi já, torí àbúrò mi tó lóyún oṣù márùn-ún ń bá wọn mu ún. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù ni?

Ìyá Ìbejì
Ìkòkò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò jàre! Ibi tó ń dán yẹn, ọsàn ló jẹ ẹ́. Gbogbo ohun tọ́wọ́ àwọn tó ń yọ́ ọ bá tẹ̀ ni wọ́n ń jù síná, ara ẹ́ńjìnnì o, rédíétọ̀ o, òjé sì lè wà níbẹ̀, nǹkan kíkan ló ń fà á jáde. Sobo náà kì í ṣe ohun tá à ń sè nínú ẹ̀.

Túndé_Aṣọ́
Àwọn ará Ṣáínà ń mu tíì látayébáyé, kò pa wọ́n. Lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ sọ pé ewé tíì máa ń fa òjé mọ́ra látinú omi.

Alágbo_Ìgbọ̀nà
Túndé, òótọ́ ni, àmọ́ bí 15% péré ló ń fà, ìyókù ń lọ síkùn. Igi tíì fúnra ẹ̀ ń fa òjé àti alumíníọ̀mù látinú ilẹ̀, bó bá sì ṣe pẹ́ nínú omi tó ló ṣe ń jáde tó. Ní Kánádà wọ́n yẹ tíì 30 wò, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2013, òjé wà nínú gbogbo ẹ̀, èyí tí wọ́n rẹ fún ìṣẹ́jú 15 sì burú ju ti ìṣẹ́jú 3 lọ. Ìṣẹ́jú 3 yẹn ti tó màámi, kí wọ́n yọ àpò ẹ̀ kúrò, ẹ yé sè é mọ́. Omi wo ni wọ́n fi ń sè é? Bó bá jẹ́ kànga tó wà nítòsí àwọn tó ń tún bátìrì ṣe, ẹ má lò ó, sísè ò lè pa òjé bó ṣe ń pa kòkòrò, ńṣe ló máa ki sí i bí omi bá ṣe ń gbẹ.

Ìyá Ìbejì
Àbúrò yín gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Òjé ń gba inú ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010, ọmọdé tó ju 400 ló pa. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì ẹ̀, kó máà mu ún mọ́.

ỌmọÒròkí
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò. Àbúrò mi ti jáwọ́, ọ̀la ló ń lọ sí antenatal. Màámi ló kọ́kọ́ fàáké kọ́rí, ìkòkò tí ìyá wọn fún wọn nígbà ìgbéyàwó ni. A ti jọ fẹnu kò pé omi ìwẹ̀ la ó máa fi gbé kaná, mo sì ti ra kẹ́tù kékeré kan fún wọn.