Iṣẹ́ àṣekágbá máástà mi: àga àwọn tó ń yan gàrí ni mo fẹ́ ṣe, ọ̀gá mi ní kí n ṣe ápù

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àkúrẹ́ ni mo wà, mò ń ṣe máástà nínú industrial design, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ya àwòrán ohun èlò tí a sì ń ṣe é kó lè wúlò fún èèyàn. Ohun tí wọ́n ní kí àwa tọdún yìí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lé lórí ni àlàáfíà ara ọmọ ènìyàn nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ kí n ṣe ápù orí fóònù tí yóò máa rán èèyàn létí pé kó mu omi, kó dìde rìn, kó sinmi. Kò burú, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní Ìta-Ògbólú ni ọkàn mi wà. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń jókòó ti iná: ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìkejì ká sábẹ́, ọwọ́ kan ń fi igbá ro gàrí, ọwọ́ kejì ń ti igi sínú iná. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, gbogbo èéfín á da bo ojú wọn. Wọ́n á di ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ní dúró, torí bó bá dúró, gàrí á jó. Nígbà tí ìyá kan fẹ́ dìde, ó kọ́kọ́ di òpó mú, ó dúró bẹ́ẹ̀ ná, kó tó lè na ẹ̀yìn.

Àga àti ààrò tí kò ní máa jẹ wọ́n lára báyìí ni mo fẹ́ ṣe. Ọ̀gá mi ní àga kì í ṣe iṣẹ́ máástà, pé káfíńtà lè kàn án lọ́jọ́ kan. Ṣé kí n gbà, kí n ṣe ápù, kí n gba ìwé ẹ̀rí mi? Bí n kò bá sì gbà, kí ni mo máa fi hàn án pé ohun tí mo ṣe tu àwọn ìyá náà lára lóòótọ́?

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́gàrí

Àbúrò, o ṣeun tó o rò wọ́n. Gàrí ni ìyá mi fi rán wa níwèé, èmi náà sì yan án títí mo fi kúrò nílé. Jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń wá ràn wá lọ́wọ́ kì í bi wá. Àpótí tí wọ́n ń jókòó lé kò kéré lásán. Bó o bá jókòó sókè, ọwọ́ rẹ kò ní dé ìsàlẹ̀ agbada dáadáa, èjìká ni wàá máa fi ro ó, kó tó di ọ̀sán èjìká á ti kú. Wọ́n gbé ààrò gíga kan wá sí abúlé wa rí, èyí tí èèyàn máa dúró tì. Ikùn àti àyà ni ooru rẹ̀ ń gbá. Ẹni tó pọn ọmọ kò lè dúró tì í. Adìyẹ ló pàpà ń sùn sínú rẹ̀.

Tún ro ti owó. Iye kóńgò tí èèyàn bá yan ni wọ́n ń san owó lé lórí. Ohun tó bá fa iṣẹ́ sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á kí ọ pé o ṣeun, wọ́n á sì padà sórí àpótí wọn. Nítorí náà, lọ yan án fúnra rẹ, láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń sẹ́ ẹ títí wọ́n á fi tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù. Fọ́tò yíyà kò tó.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ̀yìn àti orúnkún ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n èéfín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Ti gàrí tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: májèlé inú ẹ̀gẹ́ a máa bá ooru jáde bí wọ́n bá ń yan án, ẹni tó tẹrí sórí agbada ló sì ń fà á símú. Bó o bá ṣe àga dídùn síbi tí èéfín wà, ṣe lo tún jẹ́ kí wọ́n pẹ́ síbẹ̀.

Ní ti bó o ṣe máa wọ̀n ọ́n, má gbé ìwé ìbéèrè lọ bá wọn. Ya àwòrán èèyàn sórí páálí ńlá, iwájú àti ẹ̀yìn. Fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò, kó kó o sí ibi tó ń dùn ún. Ibi tó bá dùn ún jù ni kó kó púpọ̀ sí. Ṣe é láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣe é nírọ̀lẹ́, kà á sílẹ̀. Bí àga tuntun bá dé, tún un ṣe. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ rárá, gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lórí ènìyàn ní ilé ìwé yín, kó o sì rí i pé àwọn ìyá náà fúnra wọn gbà.

Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ pé àga kéré jù yẹn ń bí mi nínú díẹ̀. Ìgò oògùn ni Deborah Adler fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tirẹ̀ ní School of Visual Arts, New York. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ṣèèṣì lo oògùn ọkọ rẹ̀, torí ìgò wọn jọra, orúkọ wọn náà sì fẹ́ jọra: Helen ni ìyá àgbà, Herman ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ilé ìtajà Target gbé ìgò tuntun náà jáde lọ́dún 2005, ara rẹ̀ tẹ́jú, orúkọ oògùn wà lókè pátápátá, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé sì ní òrùka aláwọ̀ tirẹ̀ lọ́rùn ìgò. Ìgò lásán nìyẹn o!

Ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà náà, lọ́dún 2007, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ẹ̀rọ ìmóoru olówó pọ́ọ́kú fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọ̀kan nínú wọn dé Nepal, ó rí i pé ẹ̀rọ wà ní ilé ìwòsàn ìlú ńlá, ó ṣófo, abúlé ni wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ náà. Wọ́n bá pa ẹ̀rọ tì, wọ́n ṣe àpò kékeré tó ń pa ooru mọ́ fún wákàtí mélòó kan láìsí iná mànàmáná. Mú àpẹẹrẹ méjèèjì yìí lọ bá ọ̀gá rẹ.

Olùkọ́ Ìfẹ̀yìntì

Ẹ má jẹ́ ká dá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bi tán. Ẹni tó bá kọ “mo fẹ́ ṣe àga” sínú àbá iṣẹ́ máástà, èmi náà á dá a padà. Ọmọ mi, ìbéèrè ni kó o gbé lọ bá a: ẹni tó ń yan gàrí, ibo ni ara rẹ̀ ti ń gbà jìyà, kí sì ni a lè yí padà níbẹ̀ láìdín iye kóńgò rẹ̀ kù? Bó bá rí páálí àti ọmọ ayò yẹn, á mọ̀ pé ìwádìí ni. Kọ ọ́ sí ojú ìwé kan péré, má jẹ́ kó gùn.

Wẹ́dà Oǹdó

Ẹ má fi irin ṣe àga o, iná á jẹ́ kó gbóná mọ́ni nídìí. Igi ni kẹ́ ẹ lò. Ààrò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí: ẹ jẹ́ kí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ti igi sí iná wà lẹ́yìn ògiri, níta, kí ẹni tó ń ro gàrí wà nínú, kí páìpù gba èéfín kọjá òrùlé. Amọ̀ ni kẹ́ ẹ fi mọ àkọ́kọ́. Bí kò bá dáa, ẹ ó wó o, owó kò ṣòfò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ápù ti kúrò lọ́kàn mi. Mo ti ń kọ ojú ìwé kan yẹn fún ọ̀gá mi. Ìyá tó ni ààrò ní Ìta-Ògbólú ti gbà kí n wá bá wọn yan án látàárọ̀ dalẹ́, ó ní kí n mú ìborùn dání. Ìṣòro kan ló kù, Bọ̀dá Wẹ́dà: tí a bá gbé ẹnu iná lọ síta, ta ni yóò máa ti igi? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì báyìí.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́gàrí

Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Láyé tèmi, àwa ọmọ là ń ti igi. Wọ́n ti wà níléèwé báyìí, kí wọ́n sì wà níbẹ̀.

Wẹ́dà Oǹdó

Tí agbada bá pọ̀ lórí ìlà kan, ẹnì kan lè máa ti igi fún gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, a jẹ́ pé ẹnu iná á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, kí ògiri kékeré dínà èéfín. Wọn fífẹ̀ agbada àti gíga ààrò wá fún mi, kó o sì wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá jù láàárọ̀. Má tíì ra páìpù kankan.