Ètò ICT ìjọba àpapọ̀: ta ló ń kọ ọ́, kí ló sì ń dí i lọ́wọ́?

Ọmọ_Aláró:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Bí orílẹ̀-èdè bá fẹ́ ṣe ètò ICT, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìbánisọ̀rọ̀, ibo gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé mínísítà ló ń jókòó kọ ọ́ ni, àbí wọ́n ń gbé e fún àwọn kan? Ti Nàìjíríà ni mo ń bèèrè, torí ìwé ètò pọ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ nẹ́tíwọ̀kì ò dé ọ̀pọ̀ abúlé.

Kọ́lá_Abùjá:
Mínísítà ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é, ìgbìmọ̀ ló ń kọ ọ́. Ẹ wo ètò broadband, ìyẹn íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára, ti 2020 sí 2025. Oṣù Kejìlá 2019 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ rẹ̀ dìde, Funke Opeke tó dá iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì MainOne sílẹ̀ ni alága. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta 2020, ìwé ti jáde. Ohun tó jẹ́ kó yá ni pé ti 2013 sí 2018 ti wà nílẹ̀ tí wọ́n lè máa wò, NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, sì ní òǹkà lọ́wọ́.

Òǹkà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kìlómítà fáíbà, wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, mélòó ló wà nínú ilẹ̀? Òpó nẹ́tíwọ̀kì mélòó? Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni iná ò dé? Èló ni gígà dátà kan ń kó nínú owó oṣù mẹ̀kúnnù? Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó lè sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ti 2020 sọ pé kí broadband dé 70%, kí eré rẹ̀ tó Mbps 25 nígboro, Mbps 10 ní ìgbèríko, kí gígà kan má sì ju ₦390 lọ. Wọ́n á ṣírò iye tó máa ná wọn, wọ́n á gbé àbá náà fún àwọn oníléeṣẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ àtàwọn oníbàárà kí wọ́n tú u wò, kó tó di pé ìjọba fọwọ́ sí i.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí o. Ìlànà tí òfin ò bá ti lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó lè fi múni. Ọdún 2001 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n sì dá àjọ NITDA sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Òfin tó fún NITDA lágbára, 2007 ló tó dé.

Agbẹ́kòtò_Fáíbà:
Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ ò dárúkọ ilẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń dá ètò wọ̀nyí dúró jù. Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Abùjá lè kọ iye kìlómítà tó wù ú sínú ìwé, gómìnà ló máa sọ iye tí ẹ máa san lórí mítà kan kí ẹ tó fi dígà kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rẹ̀. Láti 2013 ni ìjọba àpapọ̀ àtàwọn gómìnà ti fẹnu kò sí ₦145 lórí mítà kan. Ẹnu náà ló wà. Èkìtì ń gba ₦4,500 títí di 2020 kí wọ́n tó já a wálẹ̀ sí ₦145.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kìlómítà 100 ní ₦145, mílíọ̀nù ₦14.5 ni. Ní ₦4,500, mílíọ̀nù ₦450 ni, a ò tíì ra wáyà o, a ò tíì sanwó fáwọn tó ń gbẹ́ kòtò. Iléeṣẹ́ tó bá rí i bẹ́ẹ̀ á dúró sígboro níbi tí owó wà. Bí wọ́n bá sì rì í tán, katakátà àwọn tó ń ṣe títì á tún wá gé e.

Ìyá_Òǹkà:
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí òǹkà. 30% tí ètò 2013 ń lé, wọ́n bá a ní 2018. Ẹ má yọ̀ jù. Síìmù ni NCC ń kà, kì í ṣe èèyàn. Ẹni tó ń lo dátà lórí síìmù méjì, méjì ni. Iye èèyàn tí wọ́n sì fi ń pín in, àfojúdíwọ̀n ni, torí 2006 la ka ara wa gbẹ̀yìn. Síbẹ̀ náà, bíi 44% la wà ní ìparí 2024, a ò sún mọ́ 70%.

₦390 yẹn wá ńkọ́? Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ orí òpó, náírà sì já wálẹ̀ gan-an láti 2023. Ní oṣù Kìíní 2025, NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fi tó 50% lé owó ìpè àti dátà. Pé kí gígà kan má ju 2% owó tó ń wọlé fún èèyàn lọ wà nínú ètò náà lóòótọ́, àmọ́ ₦390 ni gbogbo ayé dì mú. Ìdá yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ gàdàgbà, kí wọ́n máa tún un ṣírò lọ́dọọdún.

Ọmọ_Aláró:
Ẹ ṣeun, mà. Rwanda tí wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ńkọ́?

Kọ́lá_Abùjá:
Wọ́n pín tiwọn sí ọdún márùn-ún márùn-ún. 2001 sí 2005 fún òfin àti àjọ, 2006 sí 2010 fún fáíbà àtàwọn ohun èlò, 2011 sí 2015 fún iṣẹ́ tí aráàlú máa rí lò. Tiwa, ètò ọrọ̀-ajé orí ẹ̀rọ ayélujára ti 2020 sí 2030, gbé ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́jọ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ Rwanda ò ní gómìnà mẹ́rìndínlógójì tí ẹ máa bẹ̀ o.

Agbẹ́kòtò_Fáíbà:
Ẹ ṣé tí ẹ padà síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ_Aláró, bí ìwé ètò kankan bá tún bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, kọ́kọ́ wá ojú ewé tí àwọn gómìnà ti fọwọ́ sí owó mítà.