Ọdún orecchiette ní Puglia: ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ṣákiṣàki

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹ orecchiette, irú pásítà kan, ní abúlé kan ní Puglia, ẹkùn kan ní gúúsù Ítálì, nínú oṣù Kẹjọ, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sagra. Ọdún oúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ náà bá "sacro" tan, èyí tó túmọ̀ sí ohun mímọ́, torí inú ọdún ẹni mímọ́ tó ni ìlú ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Caranna, abúlé kékeré lábẹ́ ìlú Cisternino ní àfonífojì Valle d'Itria, ń fi orecchiette ṣe tirẹ̀. Etí kéékèèké ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Recchietedde ni wọ́n ń pè é ní èdè àdúgbò.

Kò sí ẹyin nínú rẹ̀ rárá. Ìyẹ̀fun àlìkámà líle àti omi ni, ó tán. Ìyẹ̀fun tí ẹ máa bèèrè ni semola rimacinata, èyí tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè kúnná. Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ wọn gíráàmù 400, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mílílítà 200. Ẹ má da omi náà lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi bíi ṣíbí méjì pamọ́, torí ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, ìyẹ̀fun kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ bò ó, kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó le díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ etí yín lọ. Èyí tó bá rọ̀ jù ú lọ ti bàjẹ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Ẹ má fi sẹ̀mó tí a fi ń ro òkèlè dípò rẹ̀. Hóró rẹ̀ tóbi jù, òmíràn sì ní àgbàdo nínú. Àgbàdo kò ní ohun tó ń jẹ́ kí àlìkámà fà, nítorí náà ṣe ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọ̀bẹ.

*

Mo fẹ́ fi ti ọ̀bẹ tí a fi ń fà á kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Ọ̀bẹ tábìlì ni, tí orí rẹ̀ rí roboto, tí kò ní eyín, tí kò sì mú. Ẹ yí ìyẹ̀fun náà lórí pákó títí yóò fi gùn bí okùn, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ gé e sí ègé sẹ̀ǹtímítà 1. Wàyí o, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ orí ègé kan, kí ọ̀bẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀, kí ẹ sì fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ègé náà yóò tẹ́, yóò sì ká lé ọ̀bẹ. Ẹ mú un, ẹ gbé e lé orí àtàǹpàkò, ẹ yí inú rẹ̀ síta. Inú tó ti wà lábẹ́ ọ̀bẹ tẹ́lẹ̀ ló di ẹ̀yìn báyìí, ó sì rí ṣákiṣàki bí ara ṣàkì. Ara ṣákiṣàki yẹn ló ń di ọbẹ̀ mú, ihò àárín sì ń gbè é. Bí ẹ kò bá yí i síta, etí kọ́ nìyẹn mọ́.

Ohun méjì ló ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun gbígbẹ tí a wọ́n púpọ̀ sórí pákó: ègé náà á máa yọ̀ dípò kí pákó dì í mú. Ìkejì, mábù tàbí ike dídán. Pákó ni kí ẹ lò, èyí tí kò ní fánìṣì. Bí ọwọ́ bá sì wúwo jù, àárín yóò ya. Bí ó bá fúyẹ́ jù, etí rẹ̀ yóò nípọn, àárín á ti jinná jù kí etí tó jinná.

*

Àwọn tó ń bèèrè bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún èrò ọdún, ẹ bá mi ṣírò. Àwo kan gba bíi gíráàmù 150 kí wọ́n tó sè é. Ègé kan bí èyí tí a júwe lókè yẹn wọn bíi gíráàmù 1. Èèyàn 100 yóò jẹ ègé 15,000 nìyẹn, láti inú ìyẹ̀fun kílò 10 àti omi lítà 5. Ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Ó di kí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọdún.

Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sá a. Kì í ṣe bí a ṣe ń sá èlùbọ́ o! Ẹ má gbé e sí oòrùn. Oòrùn á gbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kí inú tó gbẹ, ìlà funfun á là á, tó bá dé inú omi gbígbóná ó ti pín sí méjì. Abẹ́ ibòòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni, lórí aṣọ tàbí àwọ̀n tí a fi igi ká, kí ègé kan má gun èkejì, kí a sì yí i padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Tramontana, atẹ́gùn tó ń ti àríwá wá, máa ń gbẹ ẹ́ dáadáa, ó fẹ́ jọ ọyẹ́. Ọjọ́ tí scirocco bá ń fẹ́ láti gúúsù, tòun ti ọ̀rinrin rẹ̀, ẹ ṣọ́ra: á bu, á sì kan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹ tò ó sínú fìrísà.

*

Alásè ìnáwó á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa sísè rẹ̀. Lítà omi 10 fún kílò orecchiette kan, iyọ̀ gíráàmù 10 fún lítà kọ̀ọ̀kan, kí omi ti máa hó kùtùkùtù. Ibi tí wọ́n ti ń jìyà ni kí wọ́n da kílò mẹ́ta sínú ìkòkò tí kò gbà ju méjì lọ. Omi á dákẹ́, etí á rì, wọn á wọ inú ara wọn bí ife tí a tò léra, àárín á wà ní tútù. Ẹ rò ó lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn gígùn. Tútù rẹ̀ gba bíi ìṣẹ́jú 5. Èyí tó ti gbẹ lè lé ní 10. Ẹ má wo ti pé ó léfòó, ẹ tọ́ etí rẹ̀ wò. Ẹ yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, kó parí sísè nínú ọbẹ̀ pẹ̀lú ìgbakọ kan nínú omi tí ẹ fi sè é.

*

Ọ̀pọ̀ ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé wọ́n á bá cime di rapa, ẹ̀fọ́ kíkorò tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orecchiette. Ẹ̀fọ́ ìgbà òtútù ni. Nínú oṣù Kẹjọ, tìmátì ló ni ọbẹ̀: fún èèyàn mẹ́rin, gíráàmù 600, aáyù ẹyọ kan, òróró ólífì, àti basilico tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí efinrin wa. Wàràkàṣì tí wọ́n ń rin sí i ni cacioricotta. Wọ́n ń se wàrà ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn gbóná gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí wọ́n sì mú un dì. Ìdí nìyẹn tó fi ń wó lórí oúnjẹ, tí kì í fà bí okùn.

Nípa ti títò lórí ìlà: ní ọ̀pọ̀ sagra, ibi ìsanwó lẹ kọ́kọ́ máa dé, wọ́n á fún yín ní rìsíìtì, ìgbà yẹn lẹ ó tó lọ gba oúnjẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tò sídìí ìkòkò yóò tò lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ bá sì jẹun tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo. Bí ọbẹ̀ bá kún ibẹ̀, ara etí náà ti dán jù. Èyí tí wọ́n fà dáadáa lórí pákó kì í fi ju ohun tí ègé búrẹ́dì kan lè nù lọ sílẹ̀.